Ológbò Arúgbó àti Oúnjẹ Aláìsàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. N kò ka òwe yìí sí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ rí, àfi ní òru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, nígbà tí àbúrò ìyá mi tí ó ń gbé ní Topo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, pè mí lórí fóònù pé ológbò òun kò fẹnu kan oúnjẹ láti ìjẹta. Pẹ̀lẹ́ ni orúkọ ológbò náà, ó sì ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọkọ ìyá yìí, tí ó jẹ́ ọmọ Ègùn, ni ó gbé e wálé nígbà tí kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ sì ti tú ká sí Èkó àti sí òkè òkun. Ológbò nìkan ni ó kù tí ń dá ìyá lóhùn bí ó bá sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ìyá ní, "Àkànní, ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ aráyé ní Yorùbá ní yunifásítì, kí ni Yorùbá ní kí á ṣe fún ológbò tí kò jẹun?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́." Kì í ṣe pé oorun ń kùn mí. Ìdáhùn ni n kò ní.

Ní òru náà, mo jókòó ti àwọn ìwé mi, mo sì ń wá ológbò kiri inú òwe, inú àlọ́ àti inú ìtàn. Mo rí ológbò tí ó re àjò tí èkúté gba ilé. Mo rí ológbò tí ń yọ́ rìn nítorí àtijẹ, tí kì í ṣe nítorí ojo. Mo rí ológbò tí wọ́n ní ó ń bá àwọn àjẹ́ ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣíwọ́ lù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, n kò rí ẹyọ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ológbò inú òwe kì í darúgbó, eyín kì í ro ó, kì í sì í kọ oúnjẹ. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyẹn: báwo ni ẹranko tí ó ti bá wa gbélé pẹ́ tó báyìí ṣe di ẹni tí a mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tí a kò sì mọ ìtọ́jú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Topo fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ ìlú yìí lónìí nítorí ASCON, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ASCON tó dé, Topo ti ní orúkọ nínú ìtàn. Ní ọdún 1876, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà ti ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1856, la oko ńlá kan síbẹ̀ kí àwọn tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn lè kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé. Oko àgbọn ni oko náà fi gbajúmọ̀. Títí di òní, bí ènìyàn bá dúró ní etí ọ̀sà ní agbègbè náà, igi àgbọn ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí.

Níbi tí àgbọn bá wà, eku kò ní ṣàì wá. Eku a máa gun igi àgbọn, a sì dá ihò sí ọmọ àgbọn lára kí ó tó gbó. Èyí tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ eku orí igi, tí a là tí a sá sí oòrùn, eku ilé ń dúró dè é nílẹ̀. Ẹ fi ẹja tí àwọn obìnrin ń yan ní etí ọ̀sà kún un, ẹ ó mọ̀ pé ní irú ilẹ̀ báyìí, ilé tí kò ní ológbò ń fi èrè rẹ̀ bọ́ eku ni. Ìyá mi yìí ń ṣe òróró àgbọn tà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó máa ń wí pé Pẹ̀lẹ́ ni akọ̀wé òun, nítorí òun ni ó ń ṣọ́ ọjà mọ́jú.

Òṣìṣẹ́ ni ológbò jẹ́ lójú wa. Eku tí ó bá pa sì ni owó oṣù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé kì í fi í fún ológbò ní oúnjẹ tó nǹkan: wọ́n gbà pé ológbò tí ó bá yó kò ní pa eku mọ́. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ebi nìkan kọ́ ni ó ń mú ológbò dọdẹ. A ti rí ológbò tí ó fi oúnjẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀, tí ó lọ pa eku, tí ó sì tún padà wá jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ àtijọ́ yìí ti ní ipa tirẹ̀: ẹni tí kì í bọ́ ológbò rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le kò lè mọ bí yóò ti bọ́ ọ nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Iṣẹ́ eku pípa náà ni ó mú ológbò àti ènìyàn pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Éṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà pamọ́ sínú àká, tí eku sì tẹ̀lé ọkà, tí ológbò igbó tẹ̀lé eku. Ní erékùṣù Sípírọ́ọ̀sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí sàréè kan tí a fi ìròyìn rẹ̀ léde ní ọdún 2004. Ènìyàn ni a sin síbẹ̀, a sì sin ológbò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Kò sí ológbò ní erékùṣù náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi ni a fi gbé e débẹ̀. Ní Íjíbítì àtijọ́, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Herodotus ará Gíríìsì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ológbò bá kú ikú ara rẹ̀ nínú ilé kan níbẹ̀, gbogbo ará ilé a fá irun ìpéǹpéjú wọn.

Ní tiwa, orúkọ mẹ́ta ni a mọ̀ ọ́n sí: ológbò, ológìnní àti músù. Èyí tí ó kẹ́yìn jọ orúkọ tí àwọn Songhay àti àwọn Hausa ń pè é, ó sì yẹ kí á fi ọkàn sí i pé ojú ọ̀nà òwò láti òkè ọya ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gbà wọ inú èdè wa. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà dé, ẹ̀sìn náà sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ nípa ológbò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì ni a ń pè ní Abu Hurayra, ìyẹn bàbá ọmọ ológbò. Nínú Hadiisi tí Bukhari kó jọ, a rí ìtàn obìnrin kan tí ó di èrò iná nítorí pé ó ti ológbò mọ́lé, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ títí ó fi kú. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àlùfáà nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ológbò gan-an ni.

Ìwé Mímọ́ àwọn onígbàgbọ́ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì tí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń kà, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kìnnìún wà, ajá wà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ológbò inú ilé kò sí níbẹ̀. Inú Bíbélì àwọn Àgùdà nìkan ni ó ti yọjú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú orí kẹfà ìwé Bárúkù, níbi tí ó ti jókòó lórí ère òrìṣà pẹ̀lú àdán àti àwọn ẹyẹ. Bí àwọn àlùfáà Topo bá ka ẹsẹ náà fún àwọn ọmọ inú oko àgbọn, kò sí ohun tí ó lè kọ́ wọn nípa ìtọ́jú rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ẹranko ńkọ́? Ìlú Lyon kan náà tí ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Topo ti wá ni a ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Claude Bourgelat gba àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1761, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹṣin àti màlúù ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, nítorí ẹṣin ni ń gbé ọmọ ogun, màlúù sì ni ń túlẹ̀. Bákan náà ni ó rí nígbà tí ìmọ̀ yìí dé Nàìjíríà. Ibùdó Vom, lórí òkè Jos, tí a fi lélẹ̀ ní ọdún 1924, dojú ìjà kọ àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí a ń pè ní rinderpest. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, ó sì yọrí sí rere, nítorí pé ní ọdún 2011 àwọn àjọ àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963, màlúù, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni orílẹ̀-èdè ń retí pé kí ó tọ́jú. Ta ni yóò wá gbé ológbò arúgbó kan lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, nígbà tí owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò ra ológbò mẹ́wàá?

Ohun tí a rí nínú ìtàn nìyí. Òwe fi ológbò ṣe ọlọ́dẹ, òṣèlú àti ọrọ̀ ajé fi màlúù ṣáájú rẹ̀, ẹ̀sìn kan kìlọ̀ kí á má ṣe febi pa á, èkejì kò sì dá sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀, mo gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ.

Mo bá Pẹ̀lẹ́ lábẹ́ àga onígi, ó ká ara rẹ̀ jọ bí àkísà. Àwọn aládùúgbò ti gbìyànjú. Ọ̀kan ti po ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú ṣúgà, ó sì ń fi ṣíbí dà á sí i lẹ́nu. Ẹlòmíràn gbé ẹja inú ọbẹ̀ ata wá. Ọ̀kan ní kí ìyá jẹ́ kí ó máa lọ sínú igbó, nítorí ológbò tó bá fẹ́ kú kì í fẹ́ kí ojú ènìyàn rí òun. Ẹnì kan tí ń ta oògùn ti fún ìyá ní hóró paracetamol méjì pé kí ó lọ̀ ọ́ sínú omi fún un. Mo bá hóró méjèèjì lórí tábìlì. Ìyá kò tíì lò wọ́n, ó ní òun ń dúró dè mí.

Ọpẹ́ ni fún dídúró náà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fẹ́ dókítà ẹranko, mo sì pe ọkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí á kó paracetamol kúrò nílẹ̀: ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí tiwa fi ń sọ oògùn náà di aláìléwu, hóró kan ṣoṣo sì lè pa á. Ó ní kí á gbé ọbẹ̀ náà kúrò pẹ̀lú, nítorí àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ní ti ṣúgà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ fi yé wa pé ológbò kò lè mọ adùn ṣúgà rárá, torí pé ohun tí ahọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ti bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ìran rẹ̀. Ẹran àti ẹja ni Ọlọ́run dá a mọ́. Èròjà kan wà nínú wọn tí a ń pè ní taurine, tí ológbò tí kò bá rí i tó yóò fọ́jú, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì di aláìlera. Ẹ̀kọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí a po ó tó.

Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù. Ènìyàn lè gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ológbò kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi dẹ́kun iṣẹ́. Àìjẹun tí ó jẹ́ àmì àìsàn a tún di àìsàn mìíràn fúnra rẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ sọ pé kí á máa wò ó títí di ọ̀la.

Dókítà náà dé ní ọ̀sán. Ó la ẹnu Pẹ̀lẹ́, ó sì fi eyín kan hàn wá ní ìsàlẹ̀ tí ó ti jẹrà dé gbòǹgbò. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àbájáde rẹ̀ sì fi hàn lẹ́yìn náà pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀, bí ó ti sábà máa ń rí fún ológbò tí ó ti dàgbà. Èébì ń gbé e, ẹnu ń dùn ún: báwo ni yóò ṣe jẹun? Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń lé èébì, ó fún un ní oògùn ìrora tí ó bá ara ológbò mu, ó fi abẹ́rẹ́ fa omi sí abẹ́ awọ rẹ̀, ó sì dá ọjọ́ tí yóò yọ eyín náà. Ó ní ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara kan tí a ń fi pa inú etí ológbò kí ó lè máa jẹun, ṣùgbọ́n kò sí i lọ́wọ́ òun. Bí kò bá jẹun títí di ọjọ́ kejì, òun yóò ki ọ̀pá oúnjẹ bọ̀ ọ́. Kí ó tó lọ, ó ní kí á má ṣe fi tipátipá da ohunkóhun sí i lẹ́nu mọ́, nítorí oúnjẹ tí a bá fi agbára fún ológbò nígbà tí inú ń rú u, a máa kórìíra rẹ̀ títí lọ. Imú ni ológbò fi ń jẹun kí ó tó fi ẹnu jẹ. Kí oúnjẹ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara eku tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Nígbà tí ó lọ tán, mo mú ìwé jáde kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá. Ìyá ti wọ ilé ìdáná.

Ó bọ epìyà kan láìfi iyọ̀ sí i, láìfi ata tàbí àlùbọ́sà sí i. Ó yọ gbogbo egungun rẹ̀ kúrò, ó fi ìka fọ́ ọ kúnná, ó sì da omi ẹja lé e lórí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo bí ó ti gbóná tó. Ó fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu imú Pẹ̀lẹ́, kí òórùn lè ráyè wọlé. Ó gbé e sínú àwo pẹrẹsẹ kí etí àwo má baà máa gún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kó àwo ẹ̀kọ àti ti ọbẹ̀ kúrò, ó jókòó nílẹ̀, kò sì wo ológbò lójú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fi ẹja díẹ̀ pa á lẹ́sẹ̀ iwájú. Ológbò kórìíra ìdọ̀tí, Pẹ̀lẹ́ sì fi ahọ́n nù ún kúrò. Ìyá tún pa á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Pẹ̀lẹ́ gbé orí sókè, ó na imú sí àwo náà, ó lá omi ẹja. Kò ju ìlá márùn-ún lọ. Ìyá gbé àwo kúrò kí ó má baà sú u. Ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó tún bọ òmíràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àbọ̀ epìyà ti wọ ikùn rẹ̀.

Mo bi í pé, "Mà, ta ni ó kọ́ yín ní èyí?"

Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọdé. "Ṣé bí mo ṣe bọ́ ọkọ mi kọ́ nìyẹn? Oṣù mẹ́rin gbáko. Gbígbóná díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, má gbé oúnjẹ àná síwájú aláìsàn, má sì dúró tì í bí ọlọ́pàá."

Ojú tì mí. Mo ti wá ológbò kiri inú òwe, n kò sì rí ìdáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ ológbò ni mo ń wá. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ni ó yẹ kí n wá. Bí a bá wo àṣà wa dáadáa, kò sí ibi tí a kò ti kọ́ni bí a ti ń bọ́ aláìsàn: ìyá tí ń bọ́ ọmọ tí ibà dá gúnlẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ tí ń tọ́jú òbí rẹ̀ mọ̀ ọ́n. A kò kàn rò pé ọgbọ́n náà tọ́ sí ẹranko tí a gbà síṣẹ́ ni. Èmi kò sọ pé ọgbọ́n ilé ìdáná tó láìsí dókítà. Bí kò bá sí abẹ́rẹ́ èébì àti oògùn ìrora, bóyá epìyà náà ì bá tutù sí iwájú Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà lọ ní ọ̀sán, òru sì ni iṣẹ́ tí ó kù, ìyá ni ó sì ṣe é.

Dókítà yọ eyín náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Pẹ̀lẹ́ lo ọdún kan àti oṣù márùn-ún sí i. Kò pa eku kankan mọ́ ní gbogbo àkókò náà. Ìyá ra pàkúté fún eku, ó sì ń bọ epìyà fún ológbò. Nígbà tí àwọn aládùúgbò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó ń bọ́ òṣìṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, èsì tí ó fọ̀ ni pé ìjọba pàápàá ń san owó ìfẹ̀yìntì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Pẹ̀lẹ́ sùn kò jí, lábẹ́ àga onígi kan náà, kò sì lọ sínú igbó rárá. Ìdí igi àgbọn tí ó wà lẹ́yìn ilé ni a sin ín sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí ní ìbéèrè tí ìyá bi mí ní òru ọjọ́ yẹn, n kò ní í ní kí ó dúró kí ilẹ̀ mọ́. Yorùbá ní kí a tètè pe oníṣègùn, kí a sì bọ́ aláìsàn bí a ti ń bọ́ aláìsàn.